Ìdánwò Oríkì ní Ilé Agbẹ́kànga

Ẹ̀rọ náà ní Tìámíyù kì í ṣe ọmọ ilé.

Kò pariwo mọ́ ọn. Ohùn obìnrin tútù kan ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, irú ohùn tó máa ń sọ fún èèyàn nídìí ẹ̀rọ omi pé omi ti tán fún tòní. Ó ní: "Oríkì kò pé. Mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún." Iná pupa sì tàn lójú rẹ̀.

"Èmi?" Tìámíyù yíjú padà wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. "Èmi tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí ẹ̀yìnkùlé Agbẹ́kànga? Èmi tí mo fi ogún ọdún wa ọkọ̀ kòkó ní Ìgbódúdú yìí?"

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìwọ́, Tìámíyù," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ẹnu ló mọ̀. Ẹ̀bà ló sì wà lẹ́nu tìẹ láti kékeré."

"Ẹ̀bà wo? Ìgbà wo lo rí ẹ̀bà gbẹ̀yìn?"

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkúrú ni, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣọ́ agbára lò.

Lámidi kò rẹ́rìn-ín. Òun ni Ẹlẹ́rìí fún agbo ilé Agbẹ́kànga. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀rọ náà, tí dígí kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ tirẹ̀ tán, Ẹlẹ́rìí ni yóò fi àtàǹpàkò tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lórí dígí yẹn. Láìsí àtàǹpàkò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò fìdí múlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé ó dákẹ́, kì í mutí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin fún yín, Bàbá," Ọlátẹ́jú wí. Alábòójútó tí Ẹgbẹ́ Onílẹ̀ rán wá láti olú-ìlú ni, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó fi àgádágodo wúrà kékeré, àmì ẹgbẹ́ náà, há ọrùn ẹ̀wù. Ó mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ yín."

Tìámíyù dijú. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó gbé ohùn sókè lójijì, ó fà á gùn, ó sì já a sílẹ̀ ní ìparí, bí wọ́n ti kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

"Mẹ́tàléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún," ni ẹ̀rọ wí. Àádọ́rin ni ààlà. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Lámidi tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ pọ káàdì kan jáde: kí ẹni tó mú un wá síbi iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kòkó lọ́jọ́ Ajé, kí ó máa gba gàrí kóńgò mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fa omi nígbà tó bá fẹ́.

Tìámíyù gbé káàdì náà sókè kí gbogbo ìlà lè rí i. "Ẹ bá mi yọ̀ o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi ni. Ọmọ tuntun, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

"Ẹ wẹ̀ ẹ́ kó sunkún!"

"Omi dà?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kàn sún síwájú.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Ọlátẹ́jú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin mọ́kànlélógójì ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú àgbàlá Agbẹ́kànga bí ọmọ ilé-kéú. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí jókòó níwájú wọn, ó ń wí, wọ́n ń gbè é. Ẹni tó bá ṣì í sọ, ó ju èèpo ẹ̀gúsí lù ú. Sàrátù ni obìnrin náà, opó Rájí, ẹ̀gbọ́n Lámidi tó ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ wọn ní oríkì baba wọn.

Ojú kò tì wọ́n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ti rí láti ayébáyé. Ọmọkùnrin ilé ni wọ́n ń kì. Ìyàwó ilé ni ń kì í. Ẹni tí wọ́n ń kì kò rí ìdí tí yóò fi há a sórí, orí rẹ̀ kàn ń wú lásán ni. Àwọn ọmọbìnrin ilé ti lọ sílé ọkọ, oríkì ilé ọkọ ni wọ́n ń ké níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n dénú ti kú tán ní ọdún ebi. Sàrátù nìkan ló kù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìgbódúdú. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi orógùn kọ́ ọ, ó gbá a lọ́wọ́ títí kò fi tàsé ìlà kan mọ́, kí ọdún méjì sì tó pé, ó ti ń kì ju àwọn ìyàwó tí wọ́n bí sílùú lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Asáfọ̀dá ni, ọ̀kan nínú àwọn tó sá fún ọ̀dá nígbà tí ilẹ̀ òkè gbẹ. Nígbà náà, wọn kò tíì sọ orúkọ yẹn di èébú.

Tìámíyù kò lọ sílé. Ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lámidi, ó ń fi káàdì rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Lámidi, lọ́jọ́ Ajé, ọ̀bẹ rẹ á tún mú."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ti fọ́ ojú ẹ̀rọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i. Wọ́n da aṣọ dúdú bò ó bí òkú."

Ojú ẹ̀rọ ni ohun tó gbaṣẹ́ Lámidi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń ṣe àyẹ̀wò kòkó: yóò fa ọgọ́rùn-ún hóró láti inú àpò kan, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wo inú wọn, yóò sì sọ èyí tó jinná, èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ojú kan wá tó ń wo ẹgbẹ̀rún hóró ní ìṣẹ́jú kan, tí kò sì là wọ́n rárá. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ti tán. Ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Àlàdé tó wà lórí ìlà, ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó mójú kúrò, dá sí i. "Ṣé ẹ gbọ́ tẹnu ara yín? Ojú ẹ̀rọ ló gbaṣẹ́ wa. Kí ló wá kan àwọn asáfọ̀dá tí wọ́n ń kó lọ sí Àgọ́ Àríwá?"

"Ta ni kò mọ̀?" Tìámíyù dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ibo lo fẹ́ lé ẹ̀rọ lọ? Kò ní ìlú. Èèyàn nìkan la lè lé."

"Ìwọ lo sì tẹ̀ka fún Ẹgbẹ́ Onílẹ̀."

"Irọ́. Ebi ló tẹ̀ka. Mo kàn yá a ní àtàǹpàkò ni."

Àlàdé pòṣé. "Wọn kì í dá a padà o."

Lámidi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun náà tẹ̀ka fún wọn. Kò bínú lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìlú kéékèèké ní ìbínú ni ó mú kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ń fẹ́ oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sì ni Lámidi ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá àwọn ọmọ wọn ní etíkun. Ẹgbẹ́ méjì wá bá wọn sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè. Ó fetí sí wọn, kò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ kẹta, Ẹgbẹ́ Onílẹ̀, wá, wọ́n ní: ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, àwọn kan sì jókòó lé e. Ó rí ara rẹ̀ nínú ìyẹn. Nígbà tó tẹ̀ka tán, ó retí kí nǹkan kan sọ nínú rẹ̀, ìdùnnú tàbí ìtìjú, èyíkéyìí. Ọkàn rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé tó ti kú. Ó padà sílé, ó sùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè oòrùn, tó ń kéde ọ̀sán gangan, ké, Sàrátù dé.

Ó wọ aṣọ mímọ́, ó wé gèlè dúdú. Àwọn ọkùnrin náà fi àyè sílẹ̀ fún un láti kọjá síwájú, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fún olùkọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Lámidi.

"Ẹ kú jókòó, Agùntáṣọọ́lò." Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Gíga rẹ̀ ló wò tó fi fún un ní èyí, ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé.

"Ìyàwó. Kí lo wá ṣe?"

"Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní káàdì kò ní fa omi láti ọ̀la. Wọ́n sì ní ẹni tó bá ké oríkì ilé pé ni yóò gbà á." Ó yíjú sí Ọlátẹ́jú. "Àbí ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́ ni, ọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ sún mọ́ ọn."

Ìlà mẹ́wàá ni ẹ̀rọ ń béèrè, níbikíbi tó bá wu ẹni tó ń ké e. Sàrátù sọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Sàrátù kò dijú, kò gbé ọwọ́. Ó kàn là á sílẹ̀ bí ẹni tó ń da omi sínú ìkòkò:

"Ọmọ agbẹ́lẹ̀ jìn kó tó mumi,
Ọmọ abomi-fálejò kó tó bi í níbi tó ti wá.
Ẹ̀rù àpáta kì í ba baba wọn,
Bí òkúta ti ń jáde lomi ń wọlé.
Òùngbẹ ò béèrè ilé baba ẹni…"

Orí àwọn ọkùnrin náà wú. Lámidi rí i lára wọn: ọrùn tó nà, àyà tó yọ síta. Tìámíyù dìde dúró láìmọ̀.

Nígbà tó parí, ẹ̀rọ náà sọ pé: "Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohùn yìí ni àpẹẹrẹ ilé yìí."

Ọlátẹ́jú gbé orí sókè. "Kí ló wí?"

Àlàdé ló dá a lóhùn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó ní ohùn ìyàwó wa ni ẹ fi ń wọ̀n wá. Lákòókò òjò, àwọn èèyàn yín wá gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n jù. A tọ́ka sí i. Inú iyàrá ló ti kì í. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti wá."

Ẹ̀rín náà kò tàn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọlátẹ́jú ti ń wo ìwé orúkọ lórí dígí rẹ̀. Ó fa ìka sísàlẹ̀, ó dúró.

"Màmá, kí ni orúkọ baba yín?"

"Ẹ̀rọ kò béèrè ìyẹn."

"Èmi ni mo béèrè."

Sàrátù sọ ọ́. Orúkọ ilẹ̀ òkè ni. Ọlátẹ́jú rí i lórí ìwé, ó sì yí àga rẹ̀ sí Lámidi.

"Bàbá, ẹ̀yin ni Ẹlẹ́rìí. Ṣé ọmọ bíbí ilé yín ni obìnrin yìí?"

"Ìyàwó ilé wa ni."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n opó asáfọ̀dá, ibi tó ti wá ló ń padà sí. Mo tún bi yín: ṣé ọmọ bíbí ilé ni? Bí ẹ bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ á gbà á, yóò sì pọ káàdì rẹ̀ jáde. Èmi kò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí èké ni. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹlẹ́rìí èké?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n á pa àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀rọ omi kò mọ̀ ọ́n mọ́, ilé gàrí kò mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kò ní ṣí fún un. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò máa jókòó, kí aládùúgbò máa bu omi fún un ní kọ̀rọ̀, títí yóò fi sú aládùúgbò.

"Agùntáṣọọ́lò," Sàrátù wí. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Oòrùn ń mú."

Kò bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bẹ̀ ẹ́ ni, bóyá nǹkan ì bá ṣí. Tìámíyù ń ka káàdì rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ọ́kà. Lámidi wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó sì wá inú ara rẹ̀ kiri fún ohun kan tí yóò sọ fún un ohun tí yóò ṣe. Ó rántí pé obìnrin yìí ló wẹ ẹsẹ̀ Rájí nígbà àìsàn. Ó rántí pé obìnrin náà ló ń fi àwo ọbẹ̀ pamọ́ fún òun ní ọdún ebi, tí yóò sì sọ pé ó ṣẹ́kù ni. Ó mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí bí ó ti mọ orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Wọn kò wúwo. Ohun kan ṣoṣo tó ní ìwúwo ni ọjọ́ Ajé: àga, tábìlì, ọ̀bẹ, òórùn kòkó tuntun bí ó ti ń là.

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Iná pupa tàn. Sàrátù wo iná náà, ó wo Lámidi, ó sì tún gèlè rẹ̀ dì. "Ó dáa," ó wí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì mú un lọ síbi ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tó dúró sábẹ́ igi ní òdì kejì títì. Kò jà. Ó tẹ̀ síbi tó dára kí iyanrìn má ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

Ìgbà náà ni Ọlátẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohùn asáfọ̀dá kò lè jẹ́ àpẹẹrẹ ilé onílẹ̀. Òfin sọ bẹ́ẹ̀. Ó nu ohùn náà kúrò. Bí ó ti nù ún tán, ẹ̀rọ náà wí pé: "Ilé Agbẹ́kànga: kò sí àpẹẹrẹ. Gbogbo èsì ti di asán." Káàdì ọwọ́ Tìámíyù, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, di funfun.

"Kí ló ṣe é?" Tìámíyù gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn tọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀gá, tèmi ti kú o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan á tún ké e fún ẹ̀rọ, gbogbo ọgọ́ta ìlà, gbogbo rẹ̀ á sì padà." Ọlátẹ́jú wo ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ta ló mọ gbogbo rẹ̀?"

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mọ̀, ìlà mẹ́wàá, ìlà méjìlá, èyí tó tó fún ìdánwò. Wọ́n rò pé ó wà ní ilé, bí kànga ti wà ní ilé.

Ọlátẹ́jú wo aago. Ó sọ̀rọ̀ sí Lámidi ní ohùn jẹ́jẹ́. "Bàbá, ohùn yín ni ẹ̀rọ nílò, kì í ṣe ti obìnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ á lọ nígbà tí fèrè bá ké. Ẹ sáré lọ bá a kó kọ́ yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré yìí dání, ẹ máa wí i tẹ̀lé e."

Lámidi kọjá títì. Sàrátù jókòó sí eteetí ọkọ̀ láàárín àwọn obìnrin mìíràn, ẹrù rẹ̀ kò sì ju gèlè tó wé lọ. Ó wo Lámidi láti òkè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ga jù ú lọ.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi."

"Wọ́n ti nu ohùn rẹ. Gbogbo káàdì ti kú. Wọ́n ní kí o… wọ́n ní kí o kì í fún mi, kí n máa gbè é."

Obìnrin kan nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín sókè, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Sàrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ronú sí i bí ẹni tí wọ́n béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tẹ́ ẹ bá a dé."

Lámidi bẹ̀rẹ̀. Ó wí ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó dé ìkọkànlá, ó dúró. Ó wo ẹnu Sàrátù. Nínú àgbàlá, bí wọ́n bá ti dúró báyìí, ètè rẹ̀ máa ń là díẹ̀, yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kàn lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó na ọ̀pá sí afọ́jú. Ètè náà là. Lẹ́yìn náà ó pa á dé.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, Agùntáṣọọ́lò," ó wí. "Ẹ ké e."

Fèrè oòrùn ké. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà yí sí ọ̀nà àríwá, eruku rẹ̀ sì jókòó sórí ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ Lámidi, tó ṣì ń gba ohùn sílẹ̀, tí kò sì rí ohùn kankan gbà.

Nígbà tó padà dé, Ọlátẹ́jú kò gbójú sókè. "Ṣé ó kọ́ yín?"

"Ó ní tiwa ni."

"Mo mọ̀ pé tiyín ni. Ṣé ó kọ́ yín?"

Lámidi gbé ẹ̀rọ kékeré náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn rẹ̀, Tìámíyù ti ń gbìyànjú láti kó wọn jọ: "Ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀! Kálukú mú èyí tó mọ̀ wá!" Ẹnì kan wí ìlà kan. Òmíràn ní kì í ṣe ibẹ̀ ló kàn. Àlàdé ní irọ́ ni méjèèjì ń pa. Láìpẹ́, ọkùnrin ogójì ń pariwo orúkọ baba wọn mọ́ ara wọn lójú, kò sì sí ìlà méjì tó so pọ̀. Lámidi la ẹnu láti dá sí i. Ó rí i pé èyí tó wà lẹ́nu òun kì í ṣe oríkì, ó sì pa ẹnu náà dé, nítorí kò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ọlátẹ́jú dúró títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó ka orí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ka Lámidi mọ́ wọn, ó sì gbé rédíò sí ẹnu. Ó ń béèrè bóyá ọkọ̀ mìíràn ṣì wà.